Ráùtà Àrọ́mọdọ́mọ

Ṣọ́ọ̀bù Bàlíkísù ní Yaba kéré débi pé tí oníbàárà méjì bá wọlé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ onírẹ̀lẹ̀. Ráùtà ló ń tà, ẹ̀rọ tó ń pín ìntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé. Páálí wọn kún ilẹ̀ kan àjà, òun fúnra rẹ̀ ń fẹ̀gbẹ́ wọlé. Gbogbo owó tó ní láyé ló wà nínú wọn. Aáyán fẹ́ràn inú ráùtà ju inú kọ́bọ́ọ̀dù lọ, torí náà, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe sí àpótí aṣọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti ju kànáfùrù mẹ́ta mẹ́ta sínú páálí kọ̀ọ̀kan, ó sì ti fi téèpù lẹ̀ wọ́n padà.

Ibi tó ti bàjẹ́ ni pé 3G nìkan ni ráùtà náà gbọ́. Ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì sì ti kéde pé lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn máa pa 3G. Tí wọ́n bá ti pa á, ẹrù Bàlíkísù di ohun tí wọ́n fi ń dá ilẹ̀kùn dúró.

Àlàájì Àkàngbé tó ni pláàsà tí ṣọ́ọ̀bù Bàlíkísù wà gbọ́ ìkéde yẹn lórí rédíò. Kò mọ ráùtà yàtọ̀ sí rédíò, ṣùgbọ́n kò sí ìkéde tó ń kọjá etí rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ìntánẹ́ẹ̀tì sí gbogbo ṣọ́ọ̀bù òun, Bàlíkísù ni kó ṣe é, kó sì jẹ́ èyí tí kò ní kú lọ́dún tó ń bọ̀. Tó bá gbé òkú ráùtà wá, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́; àbúrò ìyàwó òun kékeré ti ń wá ibi tí yóò ti máa ta irun.

Bàlíkísù ránṣẹ́ pe Habeeb. Habeeb ò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹnu àti ẹsẹ̀ ló fi ń ṣòwò. Aláròóbọ̀ ni: ohun tí oníbàárà tàbí ọlọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀ bá béèrè, á ní òun ní i, á wá sáré lọ wá a níbòmíì. Ó gbé páálí kan, ó mì ín lẹ́bàá etí.

"Àǹtí, tí wọ́n bá pa 3G ńkọ́?"

"Habeeb, ráùtà yìí á máa ṣiṣẹ́ títí ọmọ ẹ á fi bímọ."

Ó fẹ́ tú ọ̀kan wò. Bàlíkísù nàka sí ohun tó kọ sára ògiri: ẹni tó bá tú páálí ti rà á, ọjà tí a bá tà, a kì í gbà á padà. Habeeb sanwó, ó kó gbogbo wọn lọ láìtú. Bàlíkísù jókòó, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀.

Ó gbé owó náà, ó ń wá ráùtà 5G, ti ìgbàlódé, kiri. Ní Mushin, Jeffrey, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù nínú oòrùn, ní òun ní i dáadáa, kó jókòó, kó mu omi tútù. Jeffrey jáde. Omi tútù ti gbóná kó tó dé, òun àti ẹrù páálí tí wọ́n fi bébà búlúù tó ń dán wé, 5G gàdàgbà lára wọn.

Bàlíkísù kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Ó béèrè bóyá èyí á yè é tí wọ́n bá pa 3G.

"Mọ́mì, títí ọmọ yín á fi bímọ."

Ó ní kó tú ọ̀kan kí òun rí i. Jeffrey nàka sí ògiri tirẹ̀. Bàlíkísù mọ ohun tó wà níbẹ̀ kó tó kà á. Ó ka owó náà fún un pátápátá.

Nígbà tó dé Yaba, Àlàájì ti gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fojú wọn ògiri. Wọ́n to páálí búlúù kan àjà, Bàlíkísù sì tún fẹ̀gbẹ́ wọlé. Àlàájì ní òun ò gbọ́ àlàyé, kó tú ọ̀kan, kí òun fojú ara òun rí ohun tí kò ní kú.

Bàlíkísù fa téèpù ya, ó da páálí náà dé orí tábìlì, kànáfùrù mẹ́ta sì ṣáájú ráùtà jábọ́.