Wáífáì Tó Ta Ẹ̀jẹ̀ Sílẹ̀ ní Basin

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ pa á tì. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti jọ ń lo wáífáì kan ṣoṣo. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, mi ò ní tàn yín.

1.

Ọmọ ìyá mẹ́ta ni wọ́n. Wọ́n jọ ń gbé ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ní Basin, nílùú Ilorin. Láwàl ni àgbà. Aáfà ni, orí fóònù ló ti ń kọ́ àwọn ọmọdé òkè òkun ní kéwú. Abdulmujeeb, àbíkẹ́yìn, ń ta iṣu lọ́jà Ipata, orí fóònù lòun náà ti ń bá àwọn àgbẹ̀ Oke-Oyi ná ọjà. Sufyan ló wà láàárín, iṣẹ́ títún fóònù ṣe ló ń ṣe.

Wọ́n jọ dáwó ra rúútà, àpótí kékeré tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri ilé. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e kọ́, ìyá wọn, Alhaja Hùmúàní, kìlọ̀ fún wọn.

"Bí omi kànga ilé yìí ni kẹ́ ẹ ṣe é. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pọn ẹlẹ́ẹ̀kejì nígbà tí garawa ẹnì kan ṣì gbẹ."

Sufyan ló mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó, òun ni wọ́n sì fi ṣọ́ ọ. Wọ́n fọkàn tán an.

2.

Kò pẹ́, Sufyan sọ yàrá iwájú di ibi ìwo-bọ́ọ̀lù. Ó so fóònù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá, ohunkóhun tó bá sì wà lójú fóònù, gbogbo yàrá ló ń rí i. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù á kàn dúró lójijì, àwọn ọ̀dọ́ á sì máa bú u. Ni ọ̀gbẹ́ni bá tún rúútà tò, ó fi ara rẹ̀ síwájú. Ìgbà tí òun bá mu àmuyó ni ìyókù tó lè kán sílẹ̀ fún àwọn tó kù.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ Láwàl ti ń já. Ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́ kọ̀wé sí i pé tó bá tún já lẹ́ẹ̀kan péré, kó wáṣẹ́ mìíràn lọ. Iṣẹ́ yẹn ló ń bọ́ ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin.

"Sufyan, ṣé o fọwọ́ kan rúútà yìí ni?"

"Haba, ẹ̀gbọ́n! Wallahi, mi ò fọwọ́ kàn án. Abdulmujeeb ni kẹ́ ẹ bi. Fíìmù ló ń daunlóòdù látàárọ̀ dalẹ́."

Ẹ gbọ́ bó ṣe forúkọ Ọlọ́run búra lórí irọ́! Inú ń bí èmi tí mò ń sọ ọ́.

Láwàl gbá Abdulmujeeb létí. Èyí sẹ́, Láwàl tún fi bẹ́líìtì nà án, ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ́. Abdulmujeeb kì í ṣe ọmọdé mọ́, ó ta ẹ̀ṣẹ́ padà, eyín Láwàl kan yọ. Sufyan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Tó bá la ẹnu pẹ́rẹ́, ìjà parí. Kò là á.

3.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù àṣekágbá. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà nínú yàrá lé lógójì. Ní yàrá kejì, Láwàl ń kọ́ àwọn ọmọ kéwú rẹ̀ lórí fóònù, ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì ń wò ó láti òkè òkun.

Bí wọ́n ṣe fẹ́ gbá pẹnáritì báyìí, bọ́ọ̀lù dúró gbagidi. Yàrá gba ariwo kan. Sufyan sáré ṣí ibi tí wọ́n ti ń darí rúútà lórí fóònù rẹ̀. Ó tẹ orúkọ Láwàl, ó gé e kúrò pátápátá. Ó gé Abdulmujeeb náà. Bọ́ọ̀lù ṣí, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ó ti gbàgbé pé fóònù rẹ̀ ṣì wà lójú tẹlifíṣọ̀n.

Ìṣẹ́jú márùn-ún kò pé tí Láwàl fi jáde, ojú rẹ̀ pọ́n kuku. Iṣẹ́ ti bọ́. Ó bá Abdulmujeeb ní ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń to iṣu. Kò bi í ní nǹkan kan. Ọmọ odó ló gbé, ó là á mọ́ ọn lójú. Egungun ró, ojú ọ̀tún fọ́. Ìyá wọn kó sáàárín, ọmọ odó tún ṣẹ́ ẹ lápá.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi rèé o!"

Àwọn ọ̀dọ́ ya jáde, Sufyan náà tẹ̀ lé wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Ayọ̀délé, di Láwàl mú.

"Aáfà, ẹ dúró! Kì í ṣòun! Sufyan ló gé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín. Orúkọ yín ló tẹ̀, gbogbo wa la rí i lójú tẹlifíṣọ̀n!"

Láwàl wo Abdulmujeeb tó ń jẹ̀rora nílẹ̀. Ó wo Sufyan.

"Ìwọ? O sì búra fún mi?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí, nítorí Ọlọ́run..."

"Ọwọ́ wo lo fi tẹ̀ ẹ́?"

Sufyan sá, ó ṣubú lórí iṣu. Láwàl já mọ́ Ayọ̀délé lọ́wọ́, ó fẹsẹ̀ tẹ apá ọ̀tún Sufyan mọ́lẹ̀, ó sọ ọmọ odó lé ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bọ́ sórí òsì, ó tún sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò tètè gbà á sílẹ̀. Bóyá wọn kò fẹ́.

4.

Lónìí, Láwàl wà lẹ́wọ̀n. Abdulmujeeb ti kó lọ sí Oke-Oyi, ojú kan ló fi ń wo ayé. Ìyá wọn ló ń fi apá tó wọ́ bọ́ Sufyan lóúnjẹ, nítorí ìka rẹ̀ kò lè di ṣíbí mú mọ́. Tó bá ti fi òkèlè sí i lẹ́nu, á bi í pé, "Garawa ta ló gbẹ báyìí, Sufyan?"

Rúútà ṣì wà lára ògiri, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ti di ti Sufyan nìkan. Kò lọ́wọ́ tó máa fi lò ó.

Ẹ̀yin tí wọ́n fi ohun àjùmọ̀ní ṣọ́, ẹ pín in dọ́gba o. Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣi í pín, ẹ tètè jẹ́wọ́ kó tó di ẹ̀jẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọ̀kánjúwà pẹ̀lú olè, déédé ni wọ́n jẹ́.