Mọ́ṣúdù Tí Kò Fẹ́ Gbọ́ "Ẹ̀yìn"

Ẹ bá mi ka ìtàn yìí tán pátá kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, àgàgà ẹ̀yin tí wọ́n bá ní kí ẹ dúró díẹ̀ tí ẹ ó máa bínú.

1.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí ìjọba ní kí gbogbo ọlọ́kọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún ni Rájí kú ní Igbona, l'Óṣogbo, ó sì fi ọkọ̀ Pijó kan sílẹ̀. Mọ́ṣúdù ọmọ rẹ̀ ló ń wà á, ṣùgbọ́n òun àti Àpìkẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ni wọ́n jọ jogún rẹ̀. Àpìkẹ́ ti là á mọ́lẹ̀ fún un: "Ọkọ̀ yìí ló kù tí a fi ń rántí bàbá. Ọjọ́ tí o bá bà á jẹ́, màá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ."

Mọ́ṣúdù mọ ọkọ̀ wà, ìgbéraga ni ò jẹ́ kó sinmi. Ó ń kó èrò láti Ọjà Ọba lọ sí Iléṣà, nígbà mìíràn á kó wọn dé Òṣú. Bí Táòfíkì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ná ọ̀nà náà, bá ti yà á sílẹ̀ lórí òkè, oúnjẹ alẹ́ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́.

Ẹnìkan tó ń kiri ohun èlò ọkọ̀ ló gbé àpótí kékeré kan wá bá a ní gáréèjì. Agbéná ló ń pè é. Ó ní bí wọ́n bá so ó mọ́ ẹńjìnnì, ọkọ̀ á máa fò. Ó so ó, ó sì yí disitíbútọ̀, ìyẹn ohun tó ń pín iná fún ẹńjìnnì, kó lè bá àpótí náà mu. Ká sòótọ́, ọkọ̀ sáré. Mọ́ṣúdù ò kí Táòfíkì dáadáa mọ́.

2.

Agbéná ò pẹ́ jóná. Mọ́ṣúdù gbé ọkọ̀ lọ bá Amos ní Iléṣà, mẹkáníìkì tí gbogbo ọlọ́kọ̀ ń pè ní Bàbá Lucy. Ẹnu bàbá yìí mú, kì í sì í pọ́n ẹnikẹ́ni lé. Ó tú àpótí náà, ó jù ú sílẹ̀.

"Mo ti lé àlejò rẹ lọ," ni Bàbá Lucy wí. "Ṣùgbọ́n uná ọkọ̀ rẹ ṣì ń ṣíwájú."

Uná ni àwọn Ìjẹ̀ṣà ń pe iná. Inú Mọ́ṣúdù dùn, ó ṣe bí àdúrà ni bàbá ń gbà fún òun.

"Àmín, Bàbá Lucy. Iwájú iwájú lọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí."

"Ta ló ń gbàdúrà? Uná ń tàn kí písítìn, irin tó ń lọ sókè-sódò nínú ẹńjìnnì, tó gòkè dé ibi tó yẹ. Mo ní láti dá a padà sẹ́yìn. Jókòó."

Ojú Mọ́ṣúdù kọ́rẹ́ lọ́wọ́. "Ẹ̀yìn kẹ̀? Ẹ má fi ẹnu àgbà sọ bẹ́ẹ̀ sí mi, sà. Ẹ̀yìn ò ní jẹ́ tèmi."

"Ẹ̀yìn tí mo wí kọ́ lò ń gbọ́."

"Ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́, èrò sì ń dúró dè mí. Ẹ ṣeun, sà."

Ẹ ò rí nǹkan? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lé ọkùnrin yìí kúrò níbi tí wọ́n ti fẹ́ tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Ó tún lọ bá àwọn tó ń kun ọkọ̀, ó ní kí wọ́n kọ IWÁJÚ NI TÈMI gàdàgbà fún òun. Ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ni.

Láti ìgbà náà, bí ọkọ̀ bá ti ń gun òkè, ẹńjìnnì á máa dún bí òkúta inú agolo.

"Mọ́ṣúdù, kí ló ń dún yẹn?" Àpìkẹ́ bi í lọ́jọ́ tó gbé e lọ sọ́jà. "Kì í dún bẹ́ẹ̀ láyé bàbá."

"Ẹ̀gbọ́n mi, agbára ló ń dún."

3.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èrò kún inú ọkọ̀, oòrùn sì mú. Lórí òkè kan kí wọ́n tó dé Òṣú, Mọ́ṣúdù rí Táòfíkì níwájú. Màmá Susannah, èrò tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bẹ̀ ẹ́: "Ọmọ mi, rọra. Ẹsẹ̀ mi ń gbóná níbí."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà." Ó tẹná mọ́ ọn.

Ẹńjìnnì dún gbàù. Èéfín bò wọ́n, ọkọ̀ kú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn lórí òkè tòun tèrò. Ìyá náà ń képe Jésù, Mọ́ṣúdù ń képe Ọlọ́hun, ó tẹ búrẹ́ẹ̀kì títí ó fi mú. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, ẹnikẹ́ni ò fara pa. Táòfíkì tó ti lọ jìnnà ló padà sẹ́yìn wá fà á dé Iléṣà.

Bàbá Lucy tú ẹńjìnnì: iná tó ń tàn ṣáájú àkókò ti dá písítìn lu. Àpìkẹ́ dé, kò pariwo. Ó kàn na ọwọ́.

"Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Mọ́ṣúdù gbé e fún un, ó sì sunkún níṣojú gbogbo èèyàn. Ó dun èmi tí mò ń sọ ọ́ pàápàá.

4.

Àwọn ará ilé ní kí Àpìkẹ́ ta ọkọ̀ náà. Ó kọ̀. Ó bẹ Bàbá Lucy pé: "Ẹ bá mi kọ́ àbúrò mi níṣẹ́. Ọjọ́ tó bá lè to iná ọkọ̀ bàbá wa fúnra rẹ̀, ẹ ránṣẹ́ pè mí."

Bí Mọ́ṣúdù ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn, tí epo dúdú ń kùn ún látòkè délẹ̀. Bàbá Lucy bú u dáadáa, ó sì kọ́ ọ dáadáa. Wọ́n fi písítìn tuntun sí i nígbà tó yá, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Àpìkẹ́.

Ó dúró ti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mọ́ṣúdù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó yí ẹńjìnnì títí àmì tó ń fi ibi tí písítìn dé hàn fi bá èkejì rẹ̀ mu, ó so gílóòbù kékeré kan mọ́ disitíbútọ̀, gílóòbù sì ti tàn, tó fi hàn pé iná ṣì ń yá jù. Ó rọra dá disitíbútọ̀ padà sẹ́yìn títí gílóòbù fi kú, ó wá ń tì í bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tó ti tàn, ibẹ̀ ló ti dè é.

Àpìkẹ́ fúnra rẹ̀ ló wọlé yí kọ́kọ́rọ́. Ẹńjìnnì gbà lẹ́ẹ̀kan, ohùn rẹ̀ tutù.

"Uná ti bọ́ sáyè," ni Bàbá Lucy wí.

Àpìkẹ́ sún sí ìjókòó kejì, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ níbi tó wà. Omi lé sí i lójú.

"Wọlé," ó wí fún àbúrò rẹ̀. "Wà wá lọ sílé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra fún ìwàǹwára. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá ní kí ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀, ẹ má pè é ní èpè, ẹ má sì jẹ́ kó di ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ kí ẹ tó jókòó gbọ́ àlàyé. Àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá.