Orúkọ Tí Kọ̀ǹpútà Ń Fò

Párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ akọ̀wé ilé ìwòsàn ti yẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì ti kán. Ọ̀kadà ló gbá a lọ́nà Daagbé. Faridatou, nọ́ọ̀sì, ń wo kọ̀ǹpútà.

"Dókítà, mi ò rí fáìlì ẹ̀gbọ́n níbí o."

"Kò sí abẹ́rẹ́ tára rẹ̀ kọ̀?"

"Kò sí nǹkan kan."

Akọ̀wé ń mi orí kíkankíkan. Òun ló fi ètò kan pamọ́ sí ọkàn kọ̀ǹpútà náà lóṣù tó kọjá: fáìlì yòówù tí wọ́n bá ṣí, kò ní jẹ́ kí wọ́n rí ibi tí orúkọ òun wà, kí ọ̀gá má bàa mọ iye ìgbà tí òun pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Faridatou rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n yìí mà bẹ̀rù abẹ́rẹ́ o! Ẹ fara balẹ̀, pẹnisilíìnì lásán ni."

Fáìlì akọ̀wé wà nínú kọ̀ǹpútà náà digbí. Òun fúnra rẹ̀ ló fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ síbẹ̀: *Pẹnisilíìnì lè pa á.*