Abẹ́rẹ́ Tí Kò Yọni Lẹ́nu

"Omi lásán lẹ fà sí mi lára!"

Ìyá Rodiat ti di okùn dírípù mú, ó fẹ́ fà á yọ. Apòògùn ilé ìwòsàn Ìgbògbò sáré gbá a lọ́wọ́ mú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, oògùn ni."

"Kí ló dé tí ara ò yún mi? Ti tẹ́lẹ̀, bó bá ti ń wọlé báyìí ni màá máa gbọ̀n, tí màá máa họra. Ìgbà yẹn ni mo máa ń mọ̀ pé ó ń bá jẹjẹrẹ ọmú mi jà."

Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú apòògùn. Ọ̀pọ̀ ọdún lòun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi wá bí ara yíyún àti gbígbọ̀n yẹn ṣe máa kúrò.

"Oògùn yìí kì í yọ́ nínú omi, mà. Ohun tí wọ́n fi ń pò ó tẹ́lẹ̀ ló ń yọ yín lẹ́nu. Ní báyìí, a ti fi èèpo tíntìntín wé e, bí ọṣẹ ṣe máa ń gbé epo nínú omi."

"Agbo tí ò korò, ṣé agbo ni? Màá lọ ra ojúlówó lọ́wọ́ àwọn alágbo ní Gáréèjì."

Ìyá Rodiat tún nawọ́ sí okùn náà. Lójijì ló dúró, ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu.

"Haa! Ó ti ń yún mi lẹ́yìn ọrùn! Alhamdulillahi, oògùn ti wọlé!"

Apòògùn wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ẹ̀fọn kan ló bà síbẹ̀, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ mu. Apòògùn gbọ́wọ́ sókè láti pa á, ṣùgbọ́n ó rọra gbé ọwọ́ náà wálẹ̀.

"Ẹ fara balẹ̀, mà," ló wí. "Ó ti ń ṣiṣẹ́."