Kò Sí Ọ̀nà Dífà Nínú Ìròyìn

Aláṣọ náà pa àǹkárá tó ń ká tì, ó yí ohùn rédíò sókè. Hàdìzà ọmọ rẹ̀ ló ń ka ìròyìn ní èdè Zarma. Ó ka ti mínísítà, ó ka ti ìjàkadì, ó dágbére.

"Ṣé o gbọ́?" ló wí fún Yagana, ọmọ ìlú Dífà tó jìnnà réré, tí wọ́n jọ ń gbélé. "Kò sí nǹkan kan lọ́nà yín. Ọkọ mi á ti dé Dífà báyìí."

"Hájíà, wọ́n ń dárúkọ wa ni? Nígbà tí omi gbé ilé wa lọ, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń sọ."

"Ẹ̀yin ará Dífà, ẹjọ́ yín ti pọ̀ jù! Ṣé ọmọ mi á gbọ́ nǹkan kó má kà á ni?"

Yagana kàn ń wo fóònù ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tó ṣe, takisí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Hàdìzà wọlé, ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀.

"Màámi, àwọn ọ̀gá wa ní kí n má ka ti ọkọ̀ tí wọ́n dáná sun lọ́nà Dífà."

"Ọkọ̀ wo?"

Hàdìzà dì mọ́ ìyá rẹ̀. Yagana ti wà níta, ó ń tẹ́ ẹní fún àwọn tó máa wá bá Hájíà kẹ́dùn.