Ìwé Ẹ̀rí Tí Adéjìmí Kọ

Kí ènìyàn tó la ẹnu ni Adéjìmí ti máa ń mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ìkánjú dá ẹjọ́ ni àléébù rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ la wá fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, létí ọ̀sà ní Bàrígà.

Nígbà náà, kò tíì pé ọdún kan tí ológun gbé ìjọba fún alágbádá. Olè pọ̀, àyà gbogbo wa ń já. Ẹgbẹ́ a máa wádìí ọ̀ràn kó tó pe ọlọ́pàá. Akọ̀wé á kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀, á kà á sí i létí, ẹlẹ́rìí á wá tẹ àtàǹpàkò sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a wá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi Bámilóyè, alága wa, tì. Ìyá Sàwúdátù tó ń yan ẹja ní òun rí ẹni tó gbé e.

"Ṣé kì í ṣe Japhet apẹja yẹn, Ìyá?" ni Adéjìmí bi í.

"Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo rí o, ọmọ mi. Mi ò rí ojú ẹ̀."

"Òun náà ni. Ẹ tẹ ìka yín síbí, mo ti kọ ọ́ tán."

Kò kà á sí i létí. Ìyá kò mọ̀wé; ó tẹ ìka, ó padà sídìí ẹja rẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé, "Mo rí Japhet kòrókòró."

Bí wọ́n ti kà á nípàdé ni àwọn ọ̀dọ́ ya bo ilé Japhet. Wọ́n lù ú títí ojú rẹ̀ ọ̀tún fi fọ́. Wọ́n ti yí táyà dé, òórùn pẹtiróòlù ti gba gbogbo àdúgbò, kí ọlọ́pàá tó dé. Àwọn ọlọ́pàá gbà á sílẹ̀, wọ́n sì fi ìwé ẹ̀rí náà tì í mọ́lé.

Lọ́jọ́ kẹta, Adéjìmí rí ẹ́ńjìnnì náà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Abúlé Òkúta. Mẹkáníìkì ní àbúrò Bámilóyè ló gbé e wá fún àtúnṣe, tó sì rìnrìn àjò láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá sọ̀rọ̀, àṣírí rẹ̀ á tú. Bó bá dákẹ́, Japhet á ṣẹ̀wọ̀n. Ó dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, á sá wọ yàrá.

Ṣùgbọ́n Kausarat, ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà, mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó mú Adéjìmí dání, ó lọ ka ìwé náà sí Ìyá Sàwúdátù létí. Ìyá figbe ta.

"Mi ò dárúkọ ẹnì kankan! Adéjìmí, ìka tèmi yìí lo fi fọ́ ọmọ ọlọ́mọ lójú?"

Ibẹ̀ ni Adéjìmí ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ẹ́ńjìnnì tó rí. Bí wọ́n ti ń mú un wọ àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ń mú Japhet jáde.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Japhet wí, "kí ni mo ṣe fún yín?"

Ilé ẹjọ́ rán Adéjìmí lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń wádìí kò gbọ́dọ̀ ti dá ẹjọ́ kó tó béèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí ẹlẹ́rìí sọ ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ kó sọ. Ẹ má tẹ ìka sí ìwé tí wọn kò kà sí yín létí. Ẹ̀kọ́ yìí kan àwa tí a wà nípàdé náà, tí ẹnì kankan nínú wa kò sọ pé ká kọ́kọ́ pe Ìyá wá. Adéjìmí ti ṣẹ̀wọ̀n tirẹ̀ tán, ó ti wálé. Ojú ọ̀tún Japhet kò là mọ́.