Àtẹ̀jíṣẹ́ Ìbánikẹ́dùn

"Kí wọ́n tó bí bàbá yín ni àwọn akọ̀wé ti ń bá èèyàn kọ lẹ́tà níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́," ni lọ́yà obìnrin kan wí fún Mùádh, ó sì yínmú. "Kí ló wá jẹ́ tuntun nínú tiyín?"

Ọ́fíìsì rẹ̀ ní àdúgbò Adum ni Mùádh wá. Ó ti ṣe áàpù tó ń fi òye àtọwọ́dá bá èèyàn kọ àtẹ̀jíṣẹ́, ó sì fẹ́ gba ìwé àṣẹ páténtì kí ẹlòmíràn má baà jí i ṣe.

"Ó máa ń mọ ohun tó wà lọ́kàn èèyàn, Lọ́yà."

"Ọkàn kẹ̀! Ṣé ẹ ti fún ẹnikẹ́ni lò? Bó bá ti jáde síta, òfin ò ní kà á sí tuntun mọ́."

"Daabi, rárá o! Wàláhì, kò tíì kúrò lọ́wọ́ mi."

"Ẹ jẹ́ kí n rí i. Ìyá ìyàwó ẹnìkan kú. Kí ni kí ọkọ kọ sí ìyàwó rẹ̀?"

Mùádh tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé fóònù náà fún un tayọ̀tayọ̀. Lọ́yà kà á sókè: "Olólùfẹ́ mi, láti òní lọ, orúkọ tí màmá fi ń pè ọ́ ni èmi náà yóò máa pè ọ́."

Ẹ̀rín ẹlẹ́yà kúrò lójú rẹ̀.

"Irọ́ lẹ pa. Wọ́n ti ń lò ó."

Mùádh gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Àwọn díẹ̀ ni mo kàn ní kí wọ́n dán an wò. Ta ló sọ fún yín?"

"Nígbà tí ìyá mi kú, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ọkọ mi fi ránṣẹ́ sí mi. Títí dòní, kò tíì bi mí pé orúkọ wo ni."